Wọ́n Ní Mo Lóyún, Dókítà sì Ń Bi Mí Léèrè

Ẹ kọ́kọ́ forí jì mí o. Mi ò mọ ìwé kọ bíi tiyín. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo wọ girama díẹ̀, kí ilé ìwé náà tó wọ inú omi. Ibi tí mo bá ti ṣi ọ̀rọ̀ kọ, ẹ bá mi fi òye gbé e. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́, èmi náà kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ̀ ń kọ síbí láìdá sí i. Ẹ̀yin á sọ tiyín, èmi á kà á, màá rẹ́rìn-ín, nígbà míì màá sunkún, màá sì pa fóònù. Lónìí, ẹ fún mi láyè kí n sọ tèmi. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí mi tí mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún níbi tí mò ń gbé.

Ẹ máa pè mí ní Dúpẹ́. Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ mí nílé bàbá mi, ṣùgbọ́n òun ni mò ń jẹ́. Ọkùnrin ni wọ́n pè mí nígbà tí wọ́n bí mi. Obìnrin ni mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí mọ ohun tí mò ń wí, mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ẹni tí kò bá yé, kó rọra máa kà á lọ.

Ilẹ̀ Ìlàjẹ ni mo wà, létí òkun, níbi tí a ti ń wa ọkọ̀ lọ kí aládùúgbò. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà. Ẹ mọ bí orílẹ̀-èdè wa ṣe rí sí irú wa. Ẹ ṣáà mọ̀ pé láti ẹ̀yìnkùlé wa, a máa ń rí iná gáàsì àwọn elépo lójú òkun, àti pé Mahintedo ni a ti ń lọ ra gaàrí àti kẹrosíìnì.

Ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n bí mi sí. Ìlú tiwa, òkun ti gbé èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Nígbà tí omi dé ẹnu ọ̀nà wa, kálukú tú ká. Bàbá mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi gba ọ̀nà Delta lọ, èmi gba ọ̀nà tèmi. Ṣé kí n sọ òótọ́ fún yín? Gbogbo ènìyàn ń sunkún lọ́jọ́ yẹn, èmi náà sunkún. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi lọ́hùn-ún, mo mọ̀ pé ilẹ̀kùn kan ṣí fún mi. Nínú ọkọ̀ ni mo ti ró ìró. Nígbà tí mo fi máa bọ́ sílẹ̀ ní abúlé yìí, Dúpẹ́ ló bọ́ sílẹ̀.

Kò sẹ́ni tó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Ẹni tí òkun bá lé, a kì í bi í léèrè púpọ̀ lọ́dọ̀ wa. Oúnjẹ la máa ń fún un.

Ìyé ló fún mi lóúnjẹ. Ìyé là ń pe ìyá ní èdè wa. Opó ni, ó ti dàgbà, ẹja ṣáwá ló ń yan tà. Ó bímọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dúró fún un. Ó wo ọwọ́ mi, ó ní ọwọ́ yìí lágbára, á lè gbé apẹ̀rẹ̀. Ó fún mi ní yàrá tó wà lẹ́yìn ààrò. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá a yan ẹja, tí gbogbo abúlé sì ń pè mí ní ọmọ rẹ̀.

Wọ́n ní mo máa ń tijú jù. Òótọ́ ni, ojú máa ń tì mí. Ṣùgbọ́n ohùn mi náà ni mò ń tọ́jú pamọ́. Bí àwọn obìnrin bá ń pariwo nídìí iná, èmi á kàn máa tẹ́ ẹja sórí wáyà, màá máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, kéèyàn wà láàárín àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, kó sì máa rò ó pé wọn ò tíì rí òun rí? Èmi mọ̀ ọ́n.

Ẹ dákun, mo fẹ́ ṣàlàyé nǹkan kan kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín. Ìjọ aláṣọ funfun ni ọ̀pọ̀ nínú wa níbí. Bàtà kì í wọ inú ilé ìjọsìn wa, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọ ibẹ̀. Á jókòó sílé títí ara rẹ̀ yóò fi mọ́. Nítorí náà, kò sí obìnrin tí oṣù rẹ̀ jẹ́ àṣírí lábúlé wa. Ẹni tí wọn ò bá rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti mọ ìdí. Ẹni tí wọ́n bá sì ń rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìsinmi, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ikùn rẹ̀!

Kí lèmi wá ń ṣe? Mo yan ìgbà tí òṣùpá bá kún, tí omi máa ń ga wọ abẹ́ ilé, nítorí ìyẹn kò ṣeé gbàgbé. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, màá sọ fún Ìyé pé mi ò ní lè lọ o. Á ní kò burú. Màá jókòó sílé, màá máa gbọ́ agogo àti orin wọn láti òdìkejì omi. Ọjọ́ yẹn máa ń gùn. Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n inú mi máa ń dùn díẹ̀ náà. Ó dà bí ẹni pé èmi náà ní ohun tí wọ́n ní.

Nǹkan kejì nìyí. Obìnrin kan máa ń fi ọkọ̀ kiri oògùn ní etí omi wa. Mò ń ra oògùn ìfètòsọ́mọbíbí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan lórí fóònù ló sọ pé ó máa ń mú kí ara rọ̀, kí ọmú sì yọ. Dókítà kọ́ ló sọ fún mi. Mò ń lò ó bó ṣe wù mí. Ara mi rọ̀ lóòótọ́, ojú mi ń dán. Mi ò ní parọ́, inú mi dùn. Mo máa ń fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara mi bí ẹni tó ra aṣọ tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tèmi ṣe àwòkọ́ṣe o! Ẹ kà á parí ná.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, ẹsẹ̀ òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, lẹ́yìn ojúgun. Mo rò pé ẹgbò ẹja ni. Mo fi omi gbígbóná jó o, mo fi òróró pa á, kò lọ. Ó wú, ó gbóná, ó le bí igi. Bí mo bá dúró lójú kan, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ẹnì kan ń fún un. Ẹ̀rù bà mí.

Ibo ni mo wá gbé e lọ? Ṣọ́ọ̀ṣì! Kò sí ọ̀sẹ̀ tí mi ò lọ. Wọ́n ń gbàdúrà, mò ń ṣàmín, mò ń rọra na ẹsẹ̀ sábẹ́ àga. Òṣùpá kún, ó wọ̀, ó tún kún, èmi ò tiẹ̀ wòkè.

Ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, àbí?

Ìyá Sùlè ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Aládùúgbò wa ni, òun náà ń yan ẹja. Mùsùlùmí ni, kì í bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, síbẹ̀ ó mọ ẹni tó lọ àti ẹni tí kò lọ ju wòlíì lọ. A wà nídìí iná lọ́jọ́ náà. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi tó ń dán, ó gbé ẹja ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Dúpẹ́, ó mà ti pẹ́ tí a ti rí ọ kí o jókòó sílé."

Mo yí ẹja tó wà níwájú mi padà.

"Hẹ̀n-ẹ́n! Ó dákẹ́! Ìyé Dúpẹ́, ẹ wá o, ọmọ yín ti gbé nǹkan wálé!"

Ìyé ní kó fi òun lọ́rùn sílẹ̀, pé ta ni yóò fún Dúpẹ́ lóyún, Dúpẹ́ tí kì í wo ojú ọkùnrin. Ìyá Sùlè ní ṣé ojú ni wọ́n fi ń lóyún ni? Ó ní àwọn ọmọ elépo tó ń fi ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì kọjá, tí wọ́n ń juwọ́, ṣé Ìyé rò pé ẹja tó wà lórí iná ni wọ́n ń kí? "Ọmọ yẹn á dé akoto àwọn elépo wáyé! Ẹ máa rí i, ẹ ó ní mo sọ ọ́!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹja fi fẹ́ jóná. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe?

Mo retí pé Ìyé máa bínú. Kò bínú o! Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, ó wá bá mi, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn mi. Ó ní, "Ọma mi, má sunkún. Kò sẹ́ni tí yóò lé ọ." Ó ní bí mi ò bá fẹ́ dárúkọ ọkùnrin náà, kí n má dárúkọ rẹ̀, ààrò wa tó bọ́ ọmọ. Ó ní omi àti ibà ló gba gbogbo èyí tí òun bí, Ọlọ́run ló mọ ìdí tó fi gbé mi wá bá òun.

Mo ní, "Ìyé, kò sí oyún."

Ó rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe máa ń sọ.

Ilé ìwòsàn kan wà ní abúlé tó tẹ̀ lé tiwa. Owó epo ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n kùn ún dáadáa, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Dókítà máa ń ti Igbókòdá wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á sùn síbẹ̀, á padà lọ́jọ́ kejì. Bí Ìyé ṣe gbọ́ pé ó ti dé, ó ní àfi dandan kí a lọ. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan àjẹ̀. Òun, ìyá arúgbó, ló wa ọkọ̀. Ìyá Sùlè náà bá wa lọ, ó ní oyún yìí, òun lòun rí i, wọn ò lè fi òun sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Ilé pákó ni, orí òpó ló dúró sí nínú omi. Afárá pákó yí i ká, orí afárá yẹn ni àwọn tó ń dúró de dókítà máa ń jókòó, wọ́n á fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ̀yìn ògiri yẹn náà sì ni dókítà wà! Bí o bá húkọ́ nínú, ẹni tó wà níta á ní pẹ̀lẹ́. Obìnrin kan sọ fún dókítà pé jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ òun lẹ́nu. Kí dókítà tó la ẹnu, àwọn tó wà níta ti ń ka oògùn tí yóò lò fún un, wọ́n ti ń bára wọn jiyàn.

Dókítà náà kò dàgbà. Ọmọ apá Ìbàdàn ni, a gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ó bẹ̀rù omi débi pé kò bọ́ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, nínú ilé pàápàá. Àwọn obìnrin ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rọ̀. Kì í kánjú.

Nọ́ọ̀sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ bíi tiwa ni nọ́ọ̀sì, ohùn rẹ̀ lè dé òkun. Kí n tó wọlé tán ló ti ké pé, "Dókítà, oyún àkọ́kọ́!" Ìyé tẹ̀ lé mi wọlé. Bẹ́ẹ̀ la máa ń ṣe fún oyún àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ wa: ìyá á sọ̀rọ̀, ọmọ á wolẹ̀.

Dókítà bi mí pé ìgbà wo ni mo ṣe nǹkan oṣù kẹ́yìn. Ìyé dáhùn. Ó bi mí bóyá mò ń bì. Ìyé dáhùn. Ó wá ní kí òun wo ẹsẹ̀ náà. Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, mo fò sókè. Ó wo ẹsẹ̀ kejì, ó tún padà sí ti òsì. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ẹsẹ̀ aboyún máa ń wú lóòótọ́, ṣùgbọ́n méjèèjì ló sábà máa ń wú. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀kan? Ó ní ṣé àyà kì í dùn mí, ṣé èémí mi kì í kúrú? Mo ní rárá.

Ó bi mí pé oògùn wo ni mò ń lò. Ojú mi ló ń wò bó ṣe ń bi mí. Mo ní párásítámọ̀. Ó ní òmíràn ńkọ́? Mo wo Ìyé. Ó ní, "Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí ńkọ́? Ṣé o ti lò ó?"

Ẹ̀yin èèyàn mi! Ìbéèrè náà gan-an!

Kí n tó mí, nọ́ọ̀sì ti bú sẹ́rìn-ín. "Áà, Dókítà! Bó bá ń lo ìyẹn, ṣé ibí ni ì bá wà?" Ìyé rẹ́rìn-ín. Ìyá Sùlè rẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn ògiri, ó ní kí wọ́n bá òun bi dókítà bóyá ní Ìbàdàn, ìfètò ló ń fún àwọn obìnrin lóyún! Gbogbo orí afárá gbà á pẹ̀lú ẹ̀rín. Dókítà pàápàá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò lára mi.

Mo ní, "Rárá, sà."

Wọ́n ní kí n lọ tọ̀ sínú ike. Nọ́ọ̀sì ki ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ ọ́, kò fi oyún hàn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó tì o! Nọ́ọ̀sì ní ooru ti ba àwọn ìwé náà jẹ́, ó ti pẹ́ tí òun ti ń sọ pé kí wọ́n kó tuntun wá. Ìyé ní ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè mọ ohun tí ìyá mọ̀. Dókítà kò gbè wọ́n, kò sì bá wọn jiyàn. Ó ní kí n bá òun wọ ọkọ̀ lọ sí ọsibítù ńlá lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ikùn mi àti ẹsẹ̀ mi. Ó ní ẹsẹ̀ yìí kò ṣeé fi falẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá rìn dé ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa èèyàn lójijì. Ó ní àwọn oògùn kan máa ń fà á. Ó tún wò mí. Lẹ́yìn náà ló pe ẹlòmíràn.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ máa ṣe?

Nígbà tí a délé, Ìyé bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ó ní òun ń bá mi lọ. Ó ní bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ náà lé mi níkùn, òun fẹ́ fi ojú ara òun rí ọmọ náà. Ó ń kọrin bó ṣe ń dì í. Èmi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mò ń wo bí omi ṣe ń fà. Epo wà lójú omi bó ṣe máa ń wà, ó ń dán. Àwọn ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n ń fọwọ́ ti epo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n tó rì wọlé.

Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Bí mi ò bá lọ, ẹsẹ̀ yìí lè pa mí. Bí mo bá lọ láìsọ nǹkan kan, wọ́n á tú aṣọ mi, wọ́n á gbé ẹ̀rọ lé mi, níwájú Ìyé. Ẹ̀rọ náà á bá mi sọ ọ́, kò sì ní sọ ọ́ bó ṣe yẹ kí n sọ ọ́.

Bí mo bá wá sọ fún dókítà ńkọ́? Mo ti ka ohun tí ẹ kọ síbí. Ẹnì kan nínú yín sọ fún dókítà, dókítà náà pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò ó bí ẹni ń wo ẹja tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Ẹlòmíràn ní wọ́n gbàdúrà fún òun, wọ́n sì lé òun jáde. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní dókítà tòun dúpẹ́ pé òun sọ ọ́. Èwo ni tèmi máa jẹ́? Ẹni tó ń bẹ̀rù omi lásán, ṣé kò ní bẹ̀rù irú mi? Bó bá pariwo ńkọ́? Bí nọ́ọ̀sì bá gbọ́, Ìyá Sùlè ti gbọ́ nìyẹn. Bí Ìyá Sùlè bá gbọ́, ta ni kò tíì gbọ́? Níbo ni màá tún lọ? Mo ti sá kúrò níbì kan rí. Kò sí òkun tó máa tún wá bò mí láṣìírí.

Mo mú fóònù lọ sí orí afárá, níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti máa ń wá. Mo fẹ́ bi yín léèrè. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò wá. Mo wá rò ó pé àwọn tó mọ̀ mí, inú fóònù kékeré ọwọ́ mi yìí ni wọ́n wà. Àwọn tó fẹ́ràn mi sì wà nínú ilé lẹ́yìn mi. Kò sẹ́ni tó ń ṣe méjèèjì. Mo dúró síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ro mí.

Ìyé pè mí wá jẹ púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ tiwa. Ó ti bá mi yọ egungun kúrò nínú ẹja. Ó ní ọkàn òun sọ fún òun pé obìnrin ni ọmọ náà, òun á kọ́ ọ ní ẹní híhun, èyí tí ìyá mi kò kọ́ mi.

Mo ní, "Ìyé, bí kò bá wá sí ọmọ kankan ńkọ́?"

Ó dáwọ́ dúró. Ó ní kí n má fi ẹnu ara mi sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti àwo ẹja sọ́dọ̀ mi, ó wá ní, "Bí kò bá sí, ṣebí ìwọ wà."

Ó kù díẹ̀ kí n sọ ọ́. Ó dé orí ahọ́n mi! Ṣùgbọ́n ẹni tí Ìyé ń pè ní ìwọ yẹn, ṣé èmi ni lóòótọ́? Mi ò mọ̀. Mo gbé púpurú mì, mo ní ẹ ṣé, Ìyé.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Dókítà kò lè wo ohun tí a fi pamọ́ fún un. Oògùn tí ẹ bá ń lò, ẹ wá bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún ẹni tó ń tọ́jú yín, kódà bí ẹ ò bá lè sọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń lò ó. Mi ò sọ pé kí gbogbo yín lọ jẹ́wọ́ o. Ẹ̀ṣẹ̀ kọ́, kí ló ń jẹ́ jíjẹ́wọ́? Ẹ wo ẹni náà dáadáa, kí ẹ sì wo ògiri pẹ̀lú. Nígbà míì, ẹni tó jókòó sẹ́yìn ògiri là ń bẹ̀rù, a ó rò pé dókítà ni. Ẹ wá ibi tí ẹ̀yin méjì nìkan máa wà. Ẹ má sì ra oògùn inú ọkọ̀ bíi tèmi.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún? Dókítà ni àbí ẹlòmíràn? Kí ló ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́, kó kàn fi àmì ọkàn kan síbẹ̀, màá mọ̀. Inú mi á dùn bí mo bá rí i.

Ó ku ohun tí mo ṣe.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí Ìyé tó dìde lórí eékún àdúrà rẹ̀, mo wọ ọkọ̀ kékeré, èmi nìkan, mo wa á lọ sí ilé ìwòsàn. Kùrukùru ṣì wà lójú omi. Dókítà wà lórí afárá ẹ̀yìn, ó ń fọ eyín. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Mi ò bọ́ sílẹ̀. Mo di òpó afárá mú láti inú ọkọ̀, kí n lè tètè lọ bó bá di ọ̀ràn.

Mo kí i. Ó ní ṣé ẹsẹ̀ náà ni? Mo ní, "Sà, oògùn tẹ́ ẹ bi mí nípa rẹ̀ lánàá, mò ń lò ó."

Ó yọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Mo ní kò sí oyún, kò sì lè sí. Mo ní ọkùnrin ni wọ́n pè mí nígbà tí wọ́n bí mi, ṣùgbọ́n obìnrin ni mí, kò sẹ́ni tó mọ̀ níbí.

Ó wò mí. Ìfófó wà létè rẹ̀. Mò ń gbọ́ bí omi ṣe ń lu abẹ́ ọkọ̀. Ó wá ní òun ò ní parọ́ fún mi, òun ò tíì tọ́jú irú mi rí, òun máa ní láti bi àwọn tó mọ̀ ju òun lọ. Ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Ó wá kúnlẹ̀ sí etí afárá gan-an, ó na ọwọ́ sórí omi, ó ní kí n fún òun ní oògùn náà kí òun wò ó. Mo kó o fún un.

Ó kà á. Ó ní kí n má tún fi ìkankan sẹ́nu. Ó ní ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n máa fi ẹ̀rọ wò, òun á dúró tì mí. Ó ní, "Mama ńkọ́?" Mo mi orí pé kò mọ̀. Ó ní kò burú, wọn ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu òun.

Kò pẹ́ ni mo gbọ́ ohùn Ìyé láti inú kùrukùru. Ìyá Sùlè ló ń wa ọkọ̀ wọn bọ̀. Ìyé ń pariwo pé ta ló ní kí aboyún dá wa ọkọ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, kí n dúró jẹ́ẹ́, kí n má gbé nǹkan kan o! Ẹrù wa wà lórí itan rẹ̀. Mo tu ọkọ̀ mi lọ bá tiwọn, mo kí i pé ẹ kú àárọ̀, mo sì gba ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ̀.